Ìjíhìn Aṣòfin Tí Kò Ní Alátakò

Ẹ̀kọ́ fún ìdílé àti fún kíláàsì àwọn àgbà
Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 12:1-5, Lúùkù 18:1-8

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbójú fò. Bí a bá dé ibi ìdìbò ní oṣù Kọkànlá, a máa ń rí orúkọ àwọn tí a mọ̀ dáadáa lókè ìwé ìbò: ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀. Bí a bá wá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ aṣòfin ìpínlẹ̀ sí, ó wọ́pọ̀ kí a bá orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun náà ni. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun náà ni. A ó tẹ orúkọ rẹ̀ tàbí kí a fò ó kọjá, a ó sì gba ilé lọ.

Ìbéèrè wa ni pé, ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jíhìn fún? Bí kò bá sí ẹni tí ó ń bá a dupò, ọ̀nà wo ni àwọn tí ó rán an níṣẹ́ lè gbà bi í pé, "Iṣẹ́ tí a rán yín ńkọ́?" Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí àwa ń gbé yìí ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé níhìn-ín ni àwọn olùdìbò ti béèrè ìbéèrè náà ní 2005 àti 2006, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Sámúẹ́lì nínú ibi kíkà wa. Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi hu ewú ni ó ti ń ṣe aṣáájú Ísírẹ́lì. Kò sí ẹni tí ó ń bá a du ipò onídàájọ́. Síbẹ̀, ó dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ tàbí tí òun gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí òun lè san án padà. Sámúẹ́lì jíhìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé orí 8 ìwé kan náà sọ fún wa pé àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó fi ṣe onídàájọ́ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà lórí àga ni yóò ṣe bíi Sámúẹ́lì. Nítorí náà ni àwọn tí ó rán ènìyàn níṣẹ́ fi ní láti mọ bí a ti ń béèrè.

IṢẸ́ TÍ A RÁN WỌN

Harrisburg ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pennsylvania wà. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ilé Àwọn Aṣojú ní ọmọ ilé 203, ọdún méjì méjì ni a sì ń dìbò yàn wọ́n. Sẹ́nétì ìpínlẹ̀ ní ọmọ ilé 50, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni tiwọn. Òfin kò fi ààlà sí iye ìgbà tí ènìyàn lè padà wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 13 ni ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ yìí, nítorí náà aṣojú kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún ènìyàn bíi 64,000.

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pinnu iye owó ìpínlẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, iye ìrànwọ́ tí ọkọ̀ èrò SEPTA ń rí gbà, àti iye tí ó kéré jùlọ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san fún wákàtí kan. Òfin tí wọ́n ṣe ni ó ń darí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, àti ìwé àṣẹ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ láàárín wa. Bí a bá ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ jiyàn nípa ààrẹ ní Washington, tí a kò sì mọ orúkọ aṣojú tí ó wà ní Harrisburg, a ti gbàgbé ẹni tí ọwọ́ wa lè tètè tó.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN KÌ Í NÍ ALÁTAKÒ?

Àkọ́kọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ẹkùn ìdìbò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ni ó ń pín àwọn ẹkùn yìí. Mẹ́rin nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì nínú ilé aṣòfin fúnra rẹ̀, ẹnì karùn-ún sì ni alága. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí èrò wọn jọra sábà máa ń gbé pọ̀ sí ojú kan. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹkùn ni ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan pátápátá, ẹgbẹ́ kejì kì í tilẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀.

Èkejì, ní irú ẹkùn bẹ́ẹ̀, ìbò abẹ́nú ni ìbò gan-an. Oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún ni a sábà máa ń dì í ní Pennsylvania, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ rántí pé ìbò ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Democrat tàbí Republican nìkan ni wọ́n lè yan olùdíje ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan yóò wà lóde ní ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a di ọmọ onílùú, nítorí pé a kò fẹ́ ìjà òṣèlú. A kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni a ti mọ́ ara wa lójú.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ti pẹ́ lórí àga ní ọ́fíìsì, ó ní òṣìṣẹ́, ó ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì ní ọ̀rẹ́ tí ó ń dáwó fún ìpolongo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a díje yóò ro ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

A kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn má ní alátakò. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára tí inú àwọn ènìyàn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá eré sá ni yóò gba ipò kìn-ín-ní, kò sí bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó sáré tàbí ó rìn. Àwọn baba wa sì sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí aṣòfin kò bá bẹ̀rù ẹni tí ó rán an mọ́, àwọn mìíràn wà ní Harrisburg tí yóò máa bẹ̀rù: olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn tí ó ń dáwó fún un.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÒRU ỌJỌ́ KAN

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2005, ilé aṣòfin Pennsylvania dìbò láti fi owó kún owó iṣẹ́ ara wọn. Kò sí ìjókòó níbi tí ará ìlú ti lè sọ tẹnu wọn, kò sì sí àríyànjiyàn nínú ilé. Nínú Ilé Àwọn Aṣojú, 119 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 79 sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Sẹ́nétì, 27 gbà, 23 kọ̀. Gómìnà Edward Rendell fọwọ́ sí i. Àwọn aṣòfin sì gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Owó iṣẹ́ ọmọ ilé lásán kúrò ní $69,647 lọ́dún, ó di $81,050, èyí tí í ṣe ìdajì iye tí ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington ń gbà nígbà náà. Ti àwọn olórí ilé ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà fi owó kún ti àwọn adájọ́ pẹ̀lú.

Ohun tí ó dun àwọn ènìyàn jùlọ nìyí. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Pennsylvania sọ pé aṣòfin kò gbọdọ̀ gba àfikún owó iṣẹ́ nínú sáà tí ó wà lórí rẹ̀. Ó ní láti dúró de ìbò tí ó ń bọ̀, kí àwọn olùdìbò lè sọ̀rọ̀ ná. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin wá ọgbọ́n kan dá. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ dúró lè máa gba iye owó kan náà lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "owó ìnáwó", láìmú rìsíìtì kankan wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà á. Òfin sọ pé kí wọ́n dúró de olùdìbò, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙDÌBÒ ṢE

Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, ariwo náà ìbá ti rọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ti ọdún yẹn kò rọlẹ̀. Ìwé ìròyìn àti rédíò kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ará ìlú kọ lẹ́tà, wọ́n tẹ ọ́fíìsì àwọn aṣòfin láago, wọ́n kóra jọ síwájú ilé ìjọba ní Harrisburg. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gene Stilp gbé ẹlẹ́dẹ̀ ràgàjì kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí nínú wá síbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí wọ́n fi àwọn aṣòfin wé. Russ Diamond, ará àgbègbè Lebanon, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní PA Clean Sweep, láti wá ẹni tí yóò bá àwọn tí ó wà lórí àga díje káàkiri ìpínlẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá 2005, kò sí aṣòfin kankan lórí ìwé ìbò. Àwọn adájọ́ ni ó wà níbẹ̀, tí a ń bi àwọn olùdìbò bóyá kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí wọ́n lọ. Àwọn ènìyàn dá adájọ́ Russell Nigro ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ padà sílé. Òun ni adájọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ náà tí irú ìbò bẹ́ẹ̀ yọ nípò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn aṣòfin fagi lé òfin owó náà, gómìnà sì fọwọ́ sí ìfagilé náà ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá. Nínú ilé méjèèjì, ẹnìkan ṣoṣo ni ó dìbò lòdì sí ìfagilé náà: Mike Veon, ọ̀kan nínú àwọn olórí Democrat.

Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ní ìbò abẹ́nú ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006, aṣòfin 17 tí ó wà lórí àga ni ẹgbẹ́ wọn kò fà kalẹ̀ mọ́. Robert Jubelirer, ààrẹ Sẹ́nétì náà, ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, fìdí rẹmi. David Brightbill, olórí àwọn tí ó pọ̀ jù ní Sẹ́nétì, tí òun náà ti lo ogún ọdún ó lé, fìdí rẹmi lọ́wọ́ Mike Folmer, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa táyà. Láti 1964, kò tíì sí olórí ilé aṣòfin náà tí ìbò abẹ́nú gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Veon náà pàdánù àga tí ó ti jókòó lé fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé "owó ìnáwó" tí àwọn aṣòfin gbà lòdì sí ìwé òfin ìpìlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí àfikún ti àwọn adájọ́ dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbò abẹ́nú ni Jubelirer àti Brightbill ti ṣubú, kì í ṣe ìbò gbogbogbòò. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn rò pé kò sí ìjàkadì kankan ni ìjíhìn ti bá wọn.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA TÍ A RÍ KỌ́

1. Àga kì í ṣe ogún ìdílé. Ọgbọ̀n ọdún kò tó láti dáàbò bo ẹni tí àwọn tí ó rán an kò gbà gbọ́ mọ́. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ni ó yọ wọ́n, ará ìlú ni: ẹni tí ń ta táyà, ẹni tí ń kọ lẹ́tà, ẹni tí ó jáde ní ọjọ́ tí àwọn ẹlòmíràn jókòó sílé.

2. Ìbínú nìkan kò mọ ojú ilé. Adájọ́ Nigro kò jókòó nínú ilé aṣòfin, kò sì dìbò ní òru ọjọ́ náà. Òun ni ó kàn wà lórí ìwé ìbò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni aṣojú 79 àti sẹ́nétọ̀ 23 sì wà tí wọ́n dìbò pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ènìyàn wá jíhìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni náà ṣe gan-an. Ìjíhìn yàtọ̀ sí ìgbẹ̀san.

3. Bí a bá sùn, nǹkan yóò tún yí padà. Òfin kan láti 1995 ti so owó iṣẹ́ aṣòfin mọ́ bí ọjà ti ń gbówó lórí, nítorí náà ó máa ń gòkè lọ́dọọdún fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò. Nígbà tí ó fi di 2023, owó ọmọ ilé lásán ti kọjá $100,000. A kò sọ pé owó náà pọ̀ jù tàbí pé ó kéré. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní 2005 ti kọjá ibẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Bákan náà, ní 2010, ilé ẹjọ́ dá Veon lẹ́bi pé ó fi owó ìlú san ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣe ìpolongo ìbò. Ní 2011, John Perzel, ẹni tí ó jẹ́ olórí Ilé Àwọn Aṣojú ní òru ìbò 2005 náà, gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi, lórí owó ìlú tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìpolongo ìbò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìṣọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan.

OHUN TÍ ÀWA LÈ ṢE

Àwọn kan nínú wa yóò béèrè pé, ṣé a kò lè pe aṣòfin padà kí sáà rẹ̀ tó pé? Ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999 fi àyè sílẹ̀ fún un: bí ó bá ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, àjọ elétò ìdìbò yóò ṣe ìbò lórí rẹ̀. Ní Pennsylvania kò sí irú ìpè-padà bẹ́ẹ̀ fún aṣòfin. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó ṣẹ́ kù fún wa ni ìbéèrè láàárín ìbò sí ìbò, àti ìbò abẹ́nú fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí:

Ẹ mọ orúkọ. Ẹ wá aṣojú yín àti sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ yín nípa àdírẹ́sì ilé yín. Ará ìjọ kan náà tí ó ń gbé ní Southwest Philadelphia àti èyí tí ó ń gbé ní Upper Darby kò ní aṣojú kan náà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Ẹ wo ìbò tí wọ́n dì. Ilé aṣòfin máa ń tẹ àkọsílẹ̀ ìbò ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan jáde, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kan ilé yín, bíi owó ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ wo ohun tí aṣojú yín ṣe. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bá yín wá a. Wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì kọ́ ọ.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú. Kò yẹ kí ó ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ sọ pé ẹkùn rẹ̀ ni ẹ ń gbé. Ẹ sọ ọjọ́ àti àbá òfin tí ó dìbò lé lórí. Lẹ́yìn náà ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí tí ẹ fi dìbò bẹ́ẹ̀?" Ẹ má bú u, ẹ má sì yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ìdáhùn kò bá wá, ẹ tún kọ. Opó inú ìwé Lúùkù kò ní owó, kò sì ní ọ̀gá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Pé kò yé wá ni ó mú kí onídàájọ́ náà dáhùn.

Ẹ béèrè àkọsílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ láti mọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 2008, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní 2009, fún ènìyàn láyè láti béèrè àwọn ìwé ìjọba, títí kan ìwé ìnáwó ilé aṣòfin. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tọrọ àkókò sí i.

Ẹ lọ pọ̀. Bí ẹnìkan bá lọ sí ọ́fíìsì aṣojú, akọ̀wé ni yóò rí. Bí ènìyàn mẹ́wàá láti òpópónà kan náà bá fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí i, yóò wá àyè. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ wò ó bóyá ẹ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ dìbò abẹ́nú, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí yí ẹgbẹ́ padà ó kéré tán ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìbò náà. Ẹgbẹ́ tí ẹ ó yàn kò kan ìjọ. Ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí tí ọkàn yín fẹ́.

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìdíje. Láti gba orúkọ sórí ìwé ìbò abẹ́nú fún Ilé Àwọn Aṣojú, ènìyàn 300 ni ó ní láti fọwọ́ sí ìwé fún olùdíje. Fún Sẹ́nétì ìpínlẹ̀, 500. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdìbò inú ẹgbẹ́ náà tí ó ń gbé ní ẹkùn náà. Nínú ẹkùn tí ó ní ènìyàn 64,000, òkè tí a kò lè gùn kọ́ ni 300. Aṣòfin tí ó mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò lè rí 300 ènìyàn kó jọ yóò máa dáhùn lẹ́tà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bá a díje.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kò sì gbọdọ̀ dìbò, ìbáà ní gíríìn káàdì, ìbáà sì ti pẹ́ tó níhìn-ín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1996 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Ó lè mú kí wọ́n dá ènìyàn padà sí ìlú rẹ̀, kí ó sì fi ọkọ tàbí aya àti ọmọ sílẹ̀ níhìn-ín. Bí wọ́n bá bi yín níbi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ẹ dáhùn pé rárá. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ń kó ìbuwọ́lùwé kiri mú yín ṣe é nítorí ojú tì yín.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí ẹ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ka ènìyàn 64,000 inú ẹkùn náà, gbogbo ẹni tí ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n kà, ọmọ onílùú àti àlejò. Aṣojú yín ni. Ẹ lè kọ lẹ́tà, ẹ lè lọ sí ìpàdé, ẹ lè sọ ohun tí ojú yín ń rí nípa iṣẹ́, ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Owó orí tí ẹ ń san kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

BÍ A TI Ń BI ÀGBÀ LÉÈRÈ

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí nira fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í wo àgbà lójú, a kì í sì í béèrè pé báwo ni ó ti ṣe ná owó. Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ọ́fíìsì bàbá yẹn ni ó bá mi ṣe fọ́ọ̀mù nígbà tí màmá mi ń wá àdínkù owó orí ilé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé sí i?" Ó dára kí ènìyàn moore. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tí ó bá yín kọ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n owó wa ni a fi ń san owó iṣẹ́ akọ̀wé náà, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni ó sì ṣe. Ìrànwọ́ lórí fọ́ọ̀mù kan kò lè dípò ìdáhùn lórí ìbò tí ó kan ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ.

Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, nínú èésú àti àjọ wa, akápò máa ń dìde ka ìwé owó níwájú gbogbo ènìyàn, a sì máa ń bi í ní ìbéèrè, ìbáà jẹ́ àgbà jùlọ nínú wa. Kò sí ẹni tí ó ń bínú sí i, nítorí owó gbogbo wa ni. Ti Harrisburg náà owó gbogbo wa ni.

Ojú ewé yìí kò ní sọ ẹni tí ẹ ó dìbò fún, kò sì ní bu ẹnikẹ́ni tí ó wà lórí àga ní ẹkùn wa. Ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá wo iṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ ó rí i pé ó ṣe dáadáa. Ẹ kọ̀wé sí i kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Olóòótọ́ aṣòfin kì í bẹ̀rù kí wọ́n wo ìwé òun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ta ni aṣojú ìdílé wa ní Harrisburg? Ọdún mélòó ni ó ti wà níbẹ̀? Ìgbà wo ni ẹnìkan bá a díje gbẹ̀yìn?
2. Kí ni Sámúẹ́lì ṣe tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó ṣe? Kí ni àwọn ènìyàn náà ní láti ṣe kí ìjíhìn rẹ̀ tó lè ní ìtumọ̀?
3. Àwọn tí ó yọ adájọ́ Nigro ní 2005, ǹjẹ́ wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sọ èrò wọn.
4. Nínú ilé wa, ta ni ó ti di ọmọ onílùú, ta ni kò tíì dì í? Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe láìrú òfin?
5. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wo ni a fẹ́ bi aṣojú wa léèrè ní oṣù yìí? Ta ni yóò kọ lẹ́tà náà, ọjọ́ wo ni yóò fi ránṣẹ́?

Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ àti ìdáhùn tí ẹ rí gbà wá sí kíláàsì ní oṣù tí ń bọ̀, kí a lè kà á pa pọ̀. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn gbà, kí ó mú ẹ̀dà tirẹ̀ wá pẹ̀lú. A ó jọ kọ èkejì.